Orúkọ Maku Lọ́wọ́ Lawer

Èmi àti Lawer Padi jọ ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Odumase. Mo fi ọdún mọ́kàndínlógún jù ú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ìgò tó bá lọ̀ láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ máa ń kúnná ju tèmi lọ, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í sì í là nínú iná.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ni àrà ìlẹ̀kẹ̀. Bí o bá rí i lọ́rùn ẹnìkan lọ́jà Agomanya, lọ sílé, kí o ṣe tìrẹ. Ẹni tí o wò ṣe kò ní bínú. Bí wọ́n ṣe kọ́ Lawer níṣẹ́ nìyẹn.

Maku, opó kan tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nítòsí odò, ní àdírẹ́sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ará òkè òkun ti ń kọ̀wé sí i, tí wọ́n ń rajà. Lọ́dún tó kọjá, Lawer ra orúkọ kan náà. Ìrù rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀: ti Maku parí sí kọ́ọ̀mù, ti Lawer parí sí àmì orílẹ̀-èdè wa. Àwọn tó ń wá Maku bẹ̀rẹ̀ sí í já sọ́dọ̀ Lawer.

Mo bi í léèrè.

"Bàbá, Maku mélòó ló wà nílùú yìí? Gbogbo ọmọ tó bá jẹ́ ọmọbìnrin kẹta ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní Maku. Ọmọ tèmi náà ń jẹ́ ẹ."

"Maku wo lò ń rò lọ́jọ́ tó o rà á?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà òjò, ó gbé fóònù wá bá mi. Obìnrin kan kọ̀wé láti òkè òkun. Ó ti ra ìlẹ̀kẹ̀ búlúù lọ́wọ́ Maku nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Maku sì kọ̀wé tù ú nínú. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó báyìí. Irú búlúù yẹn ló tún fẹ́.

"Ó ní orúnkún mi ńkọ́," Lawer wí. "Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ó ti sàn."

Ọ̀pá ni Maku fi ń rìn láti Àjíǹde.

Lawer jókòó. Kò fọwọ́ kan òkèlè bánkù tí ìyàwó mi gbé fún un. Ó ní, "Ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́."

A lọ. Maku gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ká ní ìlẹ̀kẹ̀ mi lo wò ṣe, yẹ̀yẹ́ ni màá fi ọ́ ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ tìẹ gan-an dáa ju tèmi lọ, olóríburúkú. Àmọ́ èèyàn ń pè mí, ìwọ lò ń jẹ́ ẹ."

"Ẹ gba àdírẹ́sì náà, ìyá."

"Kí n fi ṣe kí ni? Àwọn tó o ti dá lóhùn ńkọ́? Kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ orúkọ tí bàbá ẹ sọ ẹ́."

"Wọn ò ní rà lọ́wọ́ mi mọ́."

"Ìyẹn náà ni ò jẹ́ kó o sọ ọ́ látọjọ́ yìí."

Ènìyàn mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́, mo jókòó tì í. Obìnrin onílẹ̀kẹ̀ búlúù ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ó ní ọkùnrin ni òun, irọ́ ni ti orúnkún, ó sì fi àdírẹ́sì Maku gangan ránṣẹ́ sí i.

Ẹni mẹ́sàn-án fèsì. Méjì bú u. Ẹnì kan ní òun á ṣì máa rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin búlúù kò fèsì. Kò kọ̀wé sí Maku náà. Ní àràárọ̀, Lawer ń lọ bi Maku bóyá ó ti kọ̀wé. Maku á ní rárá. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ obìnrin náà ti kọjá, síbẹ̀ Lawer ṣì ń lọ béèrè.