Ìkíni Bàbá Alága Nínú Fídíò Oníṣẹ́jú Mẹ́ta

Iṣẹ́ mi ni kí n máa lẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé àwọn ènìyàn ní Àbújá. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ibi tí owó ti tán ni ìwé náà ti tán. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ bá rọ̀, tí mo bá ti fọ sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́, èmi náà a di olùkọ́. Ilẹ̀ pupa kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Karmo. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù àti eré sísá. Ọmọ Yorùbá ń wá, ọmọ Gbàgyí ń wá, ọmọ Haúsá ń wá. Àwọn ọmọ tiwa gan-an, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ: tí mo bá ní kí wọ́n sáré, wọ́n á sáré, tí mo bá ní kí wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n á máa wo ara wọn. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní. A ti rán an títí, kò rí róbótó mọ́. Tí o bá gbá a, òun fúnra rẹ̀ ló máa pinnu ibi tó fẹ́ lọ.

Ẹni tó jẹ́ ká rí ilẹ̀ náà lò ni bàbá alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, awakọ̀ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngán síbẹ̀. Bàbá ní gbọ̀ngán lè dúró, ọmọ ni kò ṣeé dá dúró, torí wọ́n ń dàgbà lójoojúmọ́.

Àǹtí kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló mú ìròyìn wá pé àjọ kan ń fún àwọn tó bá ń kó ọ̀dọ́ jáde lọ ṣeré ní owó ìrànwọ́. Mo sọ fún un pé yàtọ̀ sí bàtà àti bọ́ọ̀lù, ohun tó ń wù mí ni kí n kó àwọn ọmọ náà gun òkè ní Ushafa, torí inú mọ́tò nìkan ni wọ́n ti ń rí òkè. Èmi ń sọ ọ́, àǹtí ń fi òyìnbó kọ ọ́. Ó wá ku nǹkan kan: àjọ náà fẹ́ rí fídíò àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Tó bá fi díẹ̀ lé, wọn ò ní wò ó. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé, a kó àwọn ọmọ jọ. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí àgbà bá wà níbì kan, àgbà ló ń ṣí ọ̀rọ̀. Bí a ṣe bá a nílé nìyẹn, bí a ṣe gbé e wá Àbújá náà nìyẹn. Bàbá wọ agbádá, wọ́n dúró síwájú bọ́ọ̀lù, mo tẹ fóònù. Bàbá kí ìjọba. Wọ́n kí àjọ náà, wọ́n kí ìyàwó àti ọmọ àwọn tó wà nínú àjọ náà. Wọ́n kí wọn kú iṣẹ́, kú ooru, kú ìnáwó tí wọn kò tíì ná. Wọ́n kí pásítọ̀, wọ́n kí lèmọ́mù, wọ́n kí olóyè tó ni ilẹ̀. Àwọn ọmọ tò sẹ́yìn wọn bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọbìnrin Gbàgyí tó jẹ́ aṣọ́lé wa nínú bọ́ọ̀lù yán títí a fi rí eyín inú rẹ̀. Bàbá wá ní ká di ojú wa. Orí àdúrà la wà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta fi pé. Bọ́ọ̀lù kò kúrò níbi tó wà.

Àǹtí wò ó, ó fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀. Ó ní tí àjọ náà bá rí èyí, wọ́n á rò pé ilé àwọn arúgbó la fẹ́ kọ́.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Mo ní ọ̀rọ̀ ti gùn jù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ kúrò. Bàbá ronú. Wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn náà ti rí ohun tó yẹ ká yọ.

"Kí àwọn ọmọ yẹn má wulẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí bọ́ọ̀lù, ṣé kò mọ ọ̀nà pápá ni?"

Mo mọ̀ pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ṣùgbọ́n obì tó gbó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àjọ yìí ń wá.

Àǹtí ló dá a lábàá, ọwọ́ mi ló ṣe é. Àǹtí kó àwọn ọmọ lọ sí ìkángun pápá, ó ń fi fóònù tirẹ̀ ya eré wọn. Èmi dúró ti bàbá, mo gbé fóònù tèmi sókè bí ẹni tó ń ya wọ́n, mi ò sì tẹ nǹkan kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá kò kí ẹnikẹ́ni. Bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n, mi ò mọ̀. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń wo àwọn ọmọ tó ń sáré lọ́ọ̀ọ́kán.

"Nígbà tí mo kéré," bàbá ní, "mo máa ń sáré láti oko dé ilé kí iyán tó tutù. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ẹni tó bá rí mi, á ní kí ni mo jí. Ìdí tí mo fi ṣán ilẹ̀ yìí nìyẹn, kí ọmọ máa sáré, kí ẹnì kan sì máa wò ó." Wọ́n dé fìlà wọn padà. "Ó tán."

Àtàǹpàkò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí mo máa tẹ̀ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí wọ́n tún un sọ?

Fídíò àǹtí la fi ránṣẹ́. Aṣọ́lé wa fò sínú eruku nínú rẹ̀, ó dìde, ojú rẹ̀ pupa bí ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ṣe ìṣe rẹ̀, ó yà síbi tó wù ú, àwọn ọmọ mẹ́ta ṣubú lé ara wọn níbi tí wọ́n ti ń lé e. Ọjọ́ tí àǹtí pè mí pé wọ́n ti gbà, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú yàrá ẹnì kan. Mo fò sókè, mo tẹ táìsì tí kò tíì mú, mo tún gbogbo ìlà yẹn lẹ̀ kí n tó jẹun. Mò ń rẹ́rìn-ín lẹ̀ ẹ́ ni.

Wọ́n fi fídíò náà hàn lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá jókòó síwájú pẹ̀lú agbádá kan náà. Gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín, bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọrùn bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Fídíò parí. Bàbá ṣì ń wo ara ògiri, kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Wọn kò bi mí léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ tiwọn wà. Ká ní wọ́n bi mí ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tí ọmọ gba ọlidé, a gba bọ́ọ̀sì lọ sí Ushafa. Bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Bàbá ní àwọn náà máa gun òkè, wọ́n mú ọ̀pá dání. A kò dé orí rẹ̀ pátápátá. Ibi tí àpáta ti tẹ́ pẹrẹsẹ ni bàbá jókòó sí, wọ́n ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀, wọ́n ń bú àpáta náà pé kò mọ àgbà.

Mo yọ fóònù. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá wa sọ̀rọ̀, sà."

Wọ́n wo fóònù náà, wọ́n wá wo èmi.

"Ṣé èyí ń gbà á?"

Ojú tì mí. Mo yí fóònù náà sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n rí ojú ara wọn nínú rẹ̀, kí wọ́n rí i tó ń ka ìṣẹ́jú.

"Ó ń gbà á, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fìlà ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjọba. Wọ́n kí àjọ náà, wọ́n kí awakọ̀ wa, wọ́n kí àwọn tó ń mọ ìkòkò nísàlẹ̀ òkè, wọ́n kí àpáta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú. "Kai, Bàbá," ni aṣọ́lé wa wí, ó sì jókòó. Ọ̀rọ̀ eré sísá láti oko dé ilé yẹn, wọn kò sọ ọ́, wọn kò sì tíì tún un sọ títí di òní. Èmi náà kò sọ pé ó tó. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo fi ọwọ́ kejì di fóònù náà mú.