Orúkọ Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Bọ́ọ̀lù

Èmi ni akọ̀wé bọ́ọ̀lù ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. N kò lè gbá bọ́ọ̀lù dé ìdajì pápá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ojú mi sì mú. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo máa ń jókòó sí, ìwé ńlá kan á wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo ń kọ ẹni tó gbá gòólù àti ìṣẹ́jú tó gbá a, ẹni tó gba káàdì, ẹni tí wọ́n yọ kúrò. Rẹfirí á fọwọ́ sí i ní ìparí. Bó bá ti fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi báírò kàn án mọ́.

Ìgbà náà ni mo lọ́kọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ Ibiade ni mí, etí omi la bí mi sí, ẹnu mi kì í sì dákẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ níwájú ìyá ọkọ mi. Mo ju ọmọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀ka kan náà la sì wà ní yunifásítì. Ìyá gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ti wà nílé yìí kí wo tó dé," ni wọ́n wí. "Ọkọ rẹ ni. Wá orúkọ mìíràn fún un. Wo gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo sọ ọ́ ní Adúmáadán, torí pé ó dúdú, ó sì ń dán. Orúkọ náà wù ú, èmi náà sì ń yangàn pé mo ti di ìyàwó ilé.

Ọmọ yìí mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí wọ́n mú un sínú ikọ̀ ìpínlẹ̀. Nígbà tí àṣekágbá ìdíje yunifásítì dé, àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù kò ráyè wá. Wọ́n ní ká fi ìwé wa ránṣẹ́, ẹni tó bá gbá gòólù jù làwọn yóò mú. Ẹ̀wù tí a yá wọ̀ kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn, orúkọ nìkan la fi lè mọ ènìyàn.

Gòólù mẹ́ta ló gbá. Nígbà tí àkọ́kọ́ wọlé, mo gbé báírò sókè, mo dúró. Ìyá ọkọ mi kò sí nítòsí, ṣùgbọ́n ṣíbí ọjọ́ yẹn ni mo ń rí. Mo kọ Adúmáadán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ó sì gún régé. Rẹfirí fọwọ́ sí i láìkà á.

Oyún mi ti wọ oṣù rẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ibiade. Àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù wá Adúmáadán títí láàárín orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọn ò rí i. Wọ́n ní a fẹ́ fi ará ìta tan àwọn jẹ, wọ́n sì mú ẹlòmíràn tó gbá gòólù méjì. Àbúrò ọkọ mi lọ ṣàlàyé. Ìbuwọ́lù rẹfirí ni wọ́n nàka sí, wọ́n ní ìwé kò ṣeé tún kọ mọ́.

Kí n tó gbé ọmọ dé, ikọ̀ ti lọ. Kò bá mi jà, bẹ́ẹ̀ ìjà ni mo ń retí. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ewu ọmọ." Omijé bọ́ lójú mi, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ìṣirò ni àbúrò ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Abigi báyìí, ikùn rẹ̀ ti yọ. Bí wọ́n bá ti tan tẹlifíṣọ̀n sí bọ́ọ̀lù, á dìde, á ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo mọ̀.

N kò dá àṣà lẹ́bi. Àṣà kò ní kí n ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́. Lẹ́yìn gòólù kejì, ó wá mu omi nídìí tábìlì mi, òógùn rẹ̀ kán sórí ìwé. Mo sáré fọwọ́ bo ìwé kó má baà bàjẹ́. Ká ní mo ti ìwé náà sí i ni, tòun ti báírò, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ì bá fi kọ orúkọ tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè.