Ohùn Ìsàlẹ̀ Nìkan Ló Kù

Ọdún tí ẹni tó ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kó lọ sí Èkó ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, ó ní kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ fún mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, ọmọbìnrin a máa kọrin, a máa mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó gbé gìtá kọ́rùn níwájú ìjọ, wọn ò tíì rí i rí. Ìyá àgbà kan bi ẹ̀gbọ́n mi pé:

"Ṣé o ò fẹ́ kí àbúrò rẹ rílé ọkọ ni?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rí gìtá ná, mà. Ọkọ á wá."

Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wa ti kú, wọ́n fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún wa lọ́nà Oǹdó, àwa àti ìyá wa sì ń gbé nínú agbo ilé bàbá wa ní Ìrèmọ. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá dé lálẹ́, á gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí, á jẹun, á sì gbé gìtá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹnu rédíò ló ti kọ́ ọ, títí tó fi di pé kò sẹ́ni tó mọ gìtá ta tó o ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa, òun ló sì kọ́ èmi náà. Èmi ti jáde ìwé mẹ́wàá, mò ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ABD, mò ń dúró de ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa gbà mí.

Ìjọ dáwó jọ, wọ́n ní kí àwa méjèèjì lọ wá ohun èlò náà. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò Mayfair nígbà yẹn tó máa ń kó gìtá tòkunbọ̀ àti àpótí ohùn tí gìtá ń gbà dún wá láti Èkó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há, gìtá kọ́ sára ògiri bí ẹran ṣe ń kọ́ nílé alápatà. Ojú mi lọ sára pupa kan tó ń dán bí ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ kalẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Gbé e kọ́rùn. Ó yá, tú ọwọ́ sílẹ̀."

Mo tú ọwọ́ sílẹ̀. Orí gìtá náà ré wálẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé.

"Ṣó o rí i? Ìwọ lo máa máa gbé ọrùn rẹ̀ dúró títí ìsìn á fi parí. Dá a padà."

Ó wá mú aláwọ̀ ilẹ̀ kan, tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó níbi tí apá ẹnì kan ti ń sinmi lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbé e dé ojú, ó ti ìdí wo ọrùn rẹ̀ lọ sókè bí káfíńtà ṣe ń wo pákó bóyá ó wọ́. Ó ní kí n tẹ okùn kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé ìkankan nínú wọn ń kùn bí eṣinṣin?" Mo ní kò sí. "Ó dáa. Dídán kọ́ là ń rà. Èyí tó bá lè dúró jẹ́ẹ́ lára rẹ là ń rà."

Ó ku àpótí ohùn. Méjì ló wà níbẹ̀ tó bá béèsì mu. Ọ̀kan kéré, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Èkejì tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ iwájú rẹ̀ ti ya. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ta okùn tó nípọn jù lórí èyí tó tóbi yẹn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó yí padà, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó di ojú. "Tún un ta."

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀yìn lẹ fi ń gbọ́ orin ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eléyìí la máa gbé."

Mo kùn títí a fi délé. Bùútù takisí kò lè tì, okùn ni wọ́n fi so ó. Èmi rò pé ìmọ̀ ló fi jù mí lọ.

Yàrá ńlá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti máa ń ṣe ìgbáradì nírọ̀lẹ́. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ni adarí orin wa, òun náà ló ń tẹ dùùrù. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. "Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó máa gbọ́ wa láti ìta." Ẹ kò gbọdọ̀ tún ohùn gìtá tò nígbà tí pásítọ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ mú ohùn tiyín lọ sókè torí pé ti ẹnì kejì lọ sókè. Òfin bàbá nìyẹn, ó sì rọrùn fún mi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló le.

Ìka mi yá, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí orin bá ti fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, mo ti sá wọ ibẹ̀, mo ti da ohùn wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ẹgbẹ́ á dákẹ́.

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ kó dùn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kó dùn mọ́ ta? Béèsì ni ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ kì í jáde síta wá jó. Ẹsẹ̀ onílù ni kó o máa wò. Bó bá tẹ ẹ, kó o wà níbẹ̀. Bí kò bá tẹ ẹ, kó o dákẹ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n máa ta ohùn kan ṣoṣo lábẹ́ orin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọn tó kù máa kọrin lọ lórí rẹ̀. Ojú tì mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi lórí okùn gìtá. Bá a ṣe ń lọ sílé, a gba Ẹnuwà kọjá, ó ra ẹ̀pà fún mi, ó sì ṣíwájú. Mo pè é pé kó dúró dè mí. Kò wẹ̀yìn. Mo tún pè é. Kò wẹ̀yìn. Mo ní ó ń bínú sí mi nìyẹn, mo bá fà sẹ́yìn, mo dá rìn.

Kì í ṣe èmi nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Ìyá wa á pè é láti ẹ̀yìnkùnlé, kò ní dáhùn. Wọ́n á ní, "Ó ti di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti kọjá ẹni tí ìyá ń pè." Bí èèyàn bá bi í pé ibo ló ń lọ, á ní òun ti jẹun. Ní ìgbáradì, ohùn gìtá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè ju ti dùùrù lọ, bàbá adarí á ní kó tún un wò, ẹ̀gbọ́n mi á sì fi ìbínú yí okùn, á tún burú sí i. Àwọn èèyàn ní ìgbéraga ni. Ìwà náà kò jọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a jọ ń gbé kò rí orúkọ mìíràn sọ ọ́.

Ọjọ́ ìkórè ló wá hàn sí mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú pẹpẹ. A wà láàárín orin ìdúpẹ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Kíá ni wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Máìkì dáhùn, gìtá ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ṣùgbọ́n àpótí tèmi kò dáhùn mọ́. Nǹkan kan ti jó nínú rẹ̀. Akọrin kò dúró, onílù kò dúró.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gìtá ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú odò. Lẹ́yìn náà ó yà kúrò lọ́nà pátápátá. Ibi tí àwa ti kúrò ló ṣì wà, ó dá nìkan wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Mo wò ó, mo bá a tó ń wò mí. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ni.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo lọ dúró tì í, mo ń fi ẹsẹ̀ lu pákó tí a dúró lé, gbì, gbì, gbì, mo sì ń la ẹnu fún un láti fi sọ ọ̀rọ̀ orin náà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹnu mi. Ó dákẹ́, ó mí, ó tún wọlé, ó sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ìjọ rò pé wàhálà iná ni.

Nígbà tí ìsìn parí, mo bá a lẹ́yìn yàrá tí a ń kó ìlù sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín?"

"Tún un sọ. Rọra sọ ọ́."

Mo tún un sọ. Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan.

"Mi ò gbọ́ wọn," ló wí. "Ó ti ṣe díẹ̀. Ohùn àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ lọ, dùùrù wá tẹ̀lé e. Ìwọ nìkan ló kù. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn máa ń gba inú pákó wọ ẹsẹ̀ mi, á dé àyà. Òun ni mo fi ń mọ ibi tí orin dé."

Àpótí ńlá ti Mayfair sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ṣé nítorí ẹ̀ lẹ ṣe ń pa mí lẹ́nu mọ́?"

"Rárá o. Bí béèsì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ ó ń gbà mí là."

Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì gbà. Ìyá wa ló jẹ́ kí n sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n yọ̀ ṣubú létí kànga pẹ̀lú korobá omi, wọ́n ń ké pe ẹ̀gbọ́n mi tó wà nínú yàrá, kò jáde. Àwọn ará ilé ló gbé wọn. Ìyá wa dúró lójú gbogbo agbo ilé, wọ́n bú ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé kì í ṣe ọmọ wọn. Òun jáde, ó dúró, ó ń wo ẹnu wọn, kò mọ ohun tó ṣe. Mi ò lè fara dà á. Mo fà wọ́n wọlé, mo sọ fún wọn.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ tútù lára. "Gbogbo èébú tí mo ti ń bú u láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Kò gbọ́ wọn, mà."

Wọ́n ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò gbọ́ wọn." Wọ́n bú sẹ́kún.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí ọsibítù. Dókítà náà kò fi wá ṣeré. Ó ní iṣan tó ń gbé ohùn wọ inú orí ló ń kú, pé ariwo ayùn níbi iṣẹ́ lè wà nídìí ẹ̀, ó sì lè má sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi sétí. Ó lò ó fúngbà díẹ̀, ó yọ ọ́. Ó ní ńṣe ló dà bíi kí wọ́n máa mi òkúta nínú agolo.

A sọ fún bàbá adarí. Wọ́n ní kó máa bá wa ta gìtá lọ títí dé ibi tí ara rẹ̀ bá gbé e dé. Láti ìgbà náà mi ò fi ìka kan ṣeré mọ́. Kò sẹ́ni tó yìn mí. Ẹni tó bá ń gbọ́ mi á rò pé mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń ta béèsì mi bí ẹni tó di ọwọ́ afọ́jú mú sọdá títì. Ó sì ń tẹ̀ lé mi. Àwọn orin kan wà nínú àwọn oṣù wọ̀nyẹn tí gìtá rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn rí lọ, tí bàbá adarí á yọ ìgò ojú wọn, wọn á nù ún, láìjẹ́ pé ó dọ̀tí.

Lẹ́yìn náà ni ohùn ìsàlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò sọ fún mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbáradì kan, ó di gìtá rẹ̀ mú, ó kọjú sí mi, ó ní:

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìka mi wà lórí okùn, àpótí ńlá náà ń gbọn lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ onílù ń bá mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ọwọ́ mi ń lọ. Ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó bọ́ gìtá lọ́rùn, ó fi áńkáṣíìfù nu okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sínú àpótí tó fi ń gbé e rìn, ó pa á dé. Gbogbo wa ti dáwọ́ orin dúró.

Ó ní, "Ẹ má dúró. Ẹ máa bá a lọ."

Bàbá adarí gbé ọwọ́ wọn padà sórí dùùrù. A bá orin náà lọ. Ohun tó kọ́ wa nìyẹn, pé orin kì í kú torí pé ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde, ó rọra pa á dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Mi ò ṣi ohùn kan ta títí orin náà fi parí.

Kò padà síbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ó lọ sí oko bàbá wa lọ́nà Oǹdó, ó kọ́ yàrá kan síbẹ̀, ó ń tọ́jú kòkó. Ó fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò rẹ̀ ní gìtá rẹ̀. Èmi náà ò pẹ́ mọ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà mí, mo lọ, ẹlòmíràn gba béèsì lọ́wọ́ mi. Bí mo bá lọ kí i lóko, a ó jọ jókòó, màá máa la ẹnu gbooro, òun á máa wò ó. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ti ń yí padà, ó ń ga níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, àwọn ọmọ abúlé sì máa ń sín in jẹ. Kò mọ̀. Èmi ló ń gbọ́ ọ.

Àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin nígbà tí ìyá wa kú. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ti ṣe ìsìn òkú wọn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní iwájú, nínú aṣọ dúdú, ẹgbẹ́ akọrin sì kọ orin tí ìyá wa fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń ta béèsì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń sáré, ó ń da ohùn wẹ́wẹ́ sí gbogbo àlàfo, onílù ń lé e, àwọn akọrin ń lé onílù, orin náà sì rún mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo wa eyín pọ̀.

Ìgbà tí a dé ibojì, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Orin wo ni wọ́n kọ?"

Mo kọjú sí i, mo rọra sọ ọ́. Ó mi orí pé ó yé òun.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ dáadáa?"

Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ dáadáa."

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ìyá á dúpẹ́, ó sì lọ kí àwọn àlejò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì.