Oògùn Ẹnì Kan, Ẹnu Méjì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ayétòrò, ẹ̀yin ọmọ mi, ìgò la máa ń gbé lọ gba oògùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ara ọmọ kan bá gbóná nílé wa, ìyá wa á fi omi gbígbóná ṣan ìgò òróró tó ti tán, á fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, a ó sì mú ọ̀nà dìsípẹ́ńsárì pọ̀n. Bàbá tó wà níbẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà, á bu oògùn kíkorò kún ìgò náà. Owó tó ń gbà kò tó ohun tí ìyá mi lè ráhùn lé lórí, ìyá mi sì mọ ìráhùn.

Bí a bá délé, gbogbo wa la máa mu ún, aláìsàn àti alára líle. Ìyá wa gbà pé oògùn tó bá ti wọlé, ti gbogbo ilé ni. Ojú wa á fún pọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ̀. Bí ìgò bá gbẹ, a ó tún gbé e lọ. Mo rò pé bí ayé yóò ṣe máa rí títí nìyẹn.

Èmi àti ìyàwó mi ṣe iṣẹ́ tíṣà títí a fi fẹ̀yìn tì sí Ìlaròó. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú àwa méjèèjì bí ẹni pé a jọ lọ pè é wá ni, oògùn kan náà ni dókítà sì kọ fún wa. Lákọ̀ọ́kọ́, odindi páálí là ń rà. Nígbà tó yá, owó rẹ̀ gòkè, ó di káàdì kan. Báyìí, ọmọbìnrin tó ni kẹ́mísìtì àdúgbò wa kì í fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ mọ́. Ó ń gé káàdì oògùn fún àwa arúgbó bí ẹni ń gé ọṣẹ lọ́jà. Ojú máa ń tì í. Bó ṣe rà á náà ló ń tà á.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà sí àṣà ìyá mi. Èmi á lo tèmi lónìí, ìyàwó mi á lo tirẹ̀ lọ́la. Ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún wa pé oògùn yìí kì í ṣe àjùmọ̀lò. A gbọ́, àmọ́ kí la fẹ́ ṣe? Ó kàn ń yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀nba tí à ń rà ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn la ti ń tú ìró rẹ̀ tí mo fi rí hóró oògùn tó so mọ́ ìṣẹ́tí rẹ̀. Tirẹ̀ ni, tí kò lò, tó ń dá padà sínú tèmi. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, “Bàbá, èmi ò kúkú lọ ibì kankan. Ẹ̀yin lẹ ń jáde.”

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Wọ́n tún kọ oògùn mìíràn kún tirẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin kẹ́mísìtì ka ìwé náà tán, ó gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ibi tí a lè gé e dé tí ọwọ́ mi yóò tó o.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìgò kan tó gbogbo ilé wa nígbà náà. Lónìí, oògùn ò tó ẹni méjì. Èyí tí mo bá rí rà nínú oògùn tí àwa méjèèjì jọ ń lò tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi ni mò ń fún. Láràárọ̀ ló ń bi mí bóyá mo ti lo tèmi. Mo máa ń sọ fún un pé mo ti lò ó.