Kẹrosíìnì Tí Wọ́n Dà Sí Ààrò Ìyá Mi

Òórùn èéfín èèpo àgbọn ni mo fi mọ ilé wa kí n tó mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìyá mi ń yan ẹja ṣáwá ní ẹ̀yìn ilé wa, ní abúlé kan ní etí ọ̀sà tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì, èéfín náà sì wà nínú aṣọ wa, nínú irun wa, àti nínú ìwé tí mo ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ń yangàn, nítorí pé nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ìyá mi gbà mí láyè láti dá jókòó ti ààrò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni a ń fi iná ẹja lé lọ́wọ́. Iná náà kò gbọdọ̀ jó lálá. Èéfín ni ó gbọdọ̀ máa rú, kí ẹja lè gbẹ dé eegun láìjóná. Mo ka ara mi sí ènìyàn pàtàkì. Mo tilẹ̀ máa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà, kí àwọn tí ń kọjá lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì kún ìlú. Wọ́n ń la títì márosẹ̀ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ilẹ̀ sì ń mì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àbúrò bàbá mi, ẹni tí mo ń pè ní Bọ̀dá, rí iṣẹ́ katapílà wíwà lọ́dọ̀ àwọn tí ń la títì náà. Ó ra rédíò, ó ra bàtà gogoro, ó sì ra ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó láti gbá ilẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ó ń wá kí wa. Ìyá mi jù ú lọ ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n Bọ̀dá ti wà nínú ilé kí a tó gbé ìyá mi níyàwó wọ ibẹ̀, nítorí náà, ìyá mi a máa kúnlẹ̀ kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi." Mo rò pé ẹ̀yẹ lásán ni. N kò mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ náà lè di ìjánu fún ẹnu ẹni tí ó kúnlẹ̀.

Ní Sátidé kan ní àkókò òjò, ìyá mi lọ pàdé àwọn apẹja ní etí òkun. Ó ti to ẹja sórí wáyà, ó sì fi ìkìlọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi: "Má jẹ́ kó jó, má jẹ́ kó kú." Ṣùgbọ́n èèpo àgbọn ti mu omi òjò. Mo fẹ́ iná náà títí ojú mi fi pọ́n, kò ràn. Ẹnu rẹ̀ ni mo wà nígbà tí Bọ̀dá wọlé.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ bí arúgbó?"

"Iná ni, Bọ̀dá. Èèpo ti tutù."

"Ìlú tí epo ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ṣì ń fẹnu fẹ́ná!" Ó fa ìgò kẹrosíìnì tí ó rà fún sítóòfù rẹ̀ yọ láti inú báàgì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, Màámi ní a kì í..."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi tí mò ń wa katapílà?"

Ó dà á. Iná sọ gbì, ó sì mú. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo rò pé òórùn kẹrosíìnì náà ti bá ọwọ́ iná lọ, mo sì pinnu lọ́kàn mi pé bí mo bá di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kẹrosíìnì ni n óò máa lò. Mo gbàgbé ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ tí a tọ́ nídìí ààrò mọ̀: ẹja gbígbẹ kì í jẹ́wọ́ ohun tí ó gbé mì, àfi bí omi gbígbóná bá kàn án.

Ìyá oníṣòwò kan láti Gbájì ni ó máa ń kó gbogbo ẹja ìyá mi lọ tà ní ẹ̀bá títì. Ó kó ti ọ̀sẹ̀ náà lọ. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó gbé agbọ̀n ẹja náà padà wá lórí, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú wa. Bọ̀dá jókòó nítòsí, ó ń jẹ ẹ̀bà.

"Ìyá ọmọ yìí, ẹja lo tà fún mi àbí àtùpà? Ìyàwó tíṣà kan ní òun ti na ọmọ òun tán, òun rò pé ó da fìtílà sínú ọbẹ̀!"

Ìyá mi ju ẹja kan sínú omi gbígbóná. Òórùn náà jáde, ó kún àgbàlá.

"Ta ló da kẹrosíìnì sí ààrò mi?"

Bọ̀dá bu òkèlè, ó rì í sínú ọbẹ̀, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀. "Iṣẹ́ ń ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí lára. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ìyàwó wa, má bínú sí i."

Mo la ẹnu mi láti sọ̀rọ̀. "Màámi" nìkan ni ó jáde, nítorí ìyá mi ti gbá mi létí. Ó mú mi kúnlẹ̀, ó ní kí n bẹ ìyá Gbájì. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí má fọwọ́ kan ẹja tèmi mọ́ láyé." Báyìí ni mo ṣe kúrò nídìí ààrò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Kẹrosíìnì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ń bá ìyá mi fi eérú fọ wáyà. Ó sọ̀rọ̀ láìwò mí.

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

"Ẹ mọ̀?"

"Níbo lo ti máa rí ìgò kẹrosíìnì?"

"Kí ló dé tí ẹ wá gbá mi létí, Màámi?"

"Kí o má baà sọ ọ́ ni. Tí o bá sọ ọ́, wọn á ní èmi ni mo kọ́ ọ. Ilé ọkọ ni mo wà." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń júwe ibi tí iyọ̀ wà.

Fún ọdún mélòó kan, ẹja fífọ̀ ni iṣẹ́ mi, ìdí ààrò sì di èèwọ̀ fún mi. Títì parí, àwọn tí ń là á kó katapílà wọn lọ, owó epo sì gbẹ lọ́wọ́ ìlú. Bọ̀dá padà wálé láìní iṣẹ́, ó gba yàrá iwájú, ẹja ìyá mi ni ó sì ń jẹ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ìyá mi ṣì ń kúnlẹ̀ kí i.

Ní èṣí, ìyá Gbájì jókòó ní àgbàlá wa, ó ń ṣa ẹja. Mo gbé omi kọjá. Bọ̀dá pariwo láti orí àga rẹ̀ pé, "Ìyá Gbájì, ẹ ṣọ́ra o! Ìyá Kẹrosíìnì ń kọjá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ni ó sì ká mi lára jù. Mo sọ omi kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀, nítorí pé wọ́n ti kọ́ mi, mo sì sọ ọ́ ketekete: "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ dà á. Èmi kọ́."

Ìyá Gbájì ni ó dáhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹja.

"Ṣé torí èyí lo fi ń gbọ̀n? Ta ni kò mọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́wàá wo ló ń gbé ìgò kẹrosíìnì kiri? Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀."

"Ẹ wá ní kí n má fọwọ́ kan ẹja yín mọ́?"

"Kí lò bá ní kí n sọ? Kí n ní kí ọkọ ìyá rẹ má wọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́? Jàre, lọ jókòó ti ààrò tó bá wù ọ́."

Ohun tí wọ́n fi ìfọ́tí gbà lọ́wọ́ mi ni wọ́n dá padà fún mi bí ẹni ju eegun sí ajá. Mo jókòó ti ààrò ní ọjọ́ kejì. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo ti kọ òwe yìí sínú àròkọ rí, olùkọ́ mi sì yìn mí. Mo fẹ́ fà á rẹ́ báyìí. Ní ilé wa, òtítọ́ kò lé ẹnikẹ́ni. Ó jókòó láàárín wa láti ọjọ́ kìn-ín-ní, gbogbo àgbà rí i, wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ. Irọ́ Bọ̀dá kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òpùrọ́ ni, ó sì purọ́. Ọwọ́ ìyá mi ni n kò tíì lè gbàgbé. Ó mọ̀ kí ó tó gbé e sókè. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù, síbẹ̀ inú ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí. Bí Ọlọ́run bá fún mi ní ọmọ, tí ọmọ náà sì la ẹnu rẹ̀ níwájú ẹni tí èmi ń kúnlẹ̀ fún, ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ: kí n jẹ́ kó sọ ọ́ tán.