Ìyá Oníbọ́ọ̀dù àti Ọwọ́ Tó Pè ní Tirẹ̀

Ayàwòrán ni àwọn aládùúgbò máa ń pè é, àṣìpè sì ni. Ẹni tó ń ya àwòrán, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sára bọ́ọ̀dù, ọ̀tọ̀ ni. Ayàwòrán lè ya igi kó wọ́, kó ní bí igi náà ṣe rí nìyẹn. Ta ni oníbọ́ọ̀dù fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún? Lẹ́tà tó bá wọ́, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kọjá lọ máa rí i. Oníbọ́ọ̀dù ni obìnrin yìí, Ìyá Oníbọ́ọ̀dù ni àwọn tó mọ iṣẹ́ sì ń pè é.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kò-kánjú. Bàbá náà kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀dà títí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kú, kálukú ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sì pẹ́ tí ìjà fi dé. Ìyá Oníbọ́ọ̀dù ní àbúrò òun ń jí ọwọ́ òun. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bí èèyàn ṣe ń kọ lẹ́tà ni wọ́n ń pè ní ọwọ́: bí lẹ́tà ṣe dúró, bó ṣe sanra, ibi tó ti tẹ̀. Ó ní òun lòun dá a sílẹ̀ pé kí èjìká O tínrín lápá òsì, kí ikùn D rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bíi ti ẹni tó jẹun yó, kí apá ọ̀tún T gbé sókè bí ẹni tó ń juwọ́ síni. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, ó pè é ní olè lójú àwọn oníbàárà. Kò-kánjú kò fọhùn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé lójú títì, ọ̀kan á máa wo ojú ọ̀run bíi pé òjò ló fẹ́ rọ̀.

Ayé wá yí. Ìyá Oníbọ́ọ̀dù ra ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ lẹ́tà sórí rọ́bà, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì jù sí kọ̀rọ̀. Kò-kánjú ní tirẹ̀ ṣì ń fọwọ́ kọ ọ́.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni obìnrin kan tó ń ta òdòdó. Bọ́ọ̀dù ló wá ṣe, ÒDÒDÓ TÚTÙ ni kí wọ́n kọ sí i.

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà kẹ́ ẹ wá ya òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ o," ni olódòdó wí. "Gbogbo ayé ló ti ṣe ìyẹn. Lẹ́tà yẹn gan-an ni kó hu ewé."

"Kó hu ewé?" ni Ìyá Oníbọ́ọ̀dù dáhùn. "Ṣé kí n máa bomi rin ín ni?"

"Màámi, ẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́la," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ láti ìdí kọ̀ǹpútà. Òun ló máa ń to iṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí olódòdó lọ tán, ọmọ náà ṣí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ya àwòrán. Ó fún un ní fọ́tò bọ́ọ̀dù kan, ó sì kọ̀wé sí i pé kó fi irú ọwọ́ tó wà nínú fọ́tò yìí ya lẹ́tà D kan ṣoṣo, kí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ òdòdó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.

"Kí ló dé tó jẹ́ ẹyọ kan?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Tí mo bá fún un ní odidi ọ̀rọ̀, á bà á jẹ́. Èmi ni mo máa tò wọ́n pọ̀."

"Ẹ̀rọ tó gbọ́n báyìí, kò lè to lẹ́tà méjì!"

Kó tó nu jígí ojú rẹ̀ tán, D ti dé. Òdòdó lórí òdòdó, pupa fòò, ewé tútù yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìrì dúró sórí ewé bíi pé ọwọ́ lè kàn án. Ìyá Oníbọ́ọ̀dù ti àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Yéè! Ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màámi."

"Ó yà á báyìí? Kò lo rúlà? Kò pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan?"

Àmọ́ òdòdó kọ́ ló yà á lẹ́nu jù. Ikùn D náà rọ̀ sílẹ̀. O tó tẹ̀ lé e tínrín ní èjìká òsì. Nígbà tí T gbé apá ọ̀tún sókè, Ìyá Oníbọ́ọ̀dù fò dìde, ó káwọ́ lérí.

"Ọwọ́ mi nìyí! Ẹ gbà mí o, ọwọ́ mi tí mo ti sin! Wo èjìká yẹn. Èyí lẹni yẹn ń fara wé tí kò lè rí ṣe láéláé. Tirẹ̀ máa ń rí bí ẹni tí wọ́n fà létí. Wọ́n ì báà fi aṣọ dì mí lójú, n óò yọ tèmi kúrò nínú tirẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ jókòó ná."

"Kí ló dé? Sọ ọ́ lóòró."

"Kì í ṣe bọ́ọ̀dù yín ni mo fún un. Èyí tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni. Àbúrò yín ló kọ ọ́. Mo wá tiyín títí, a ti fi rọ́bà bo gbogbo wọn."

Ìyá Oníbọ́ọ̀dù ní irọ́ ni. Ọmọ náà gbé fọ́tò fún un. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ń wá etí tí wọ́n fà bí ẹni ń wá iná nínú irun ọmọ. Kò rí nǹkan kan. Ta ló kọ́kọ́ wá ní kí ikùn D rọ̀? Ó bi ara rẹ̀, ohùn tó sì gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ ni, níbi tó ti ń nà án ní ìka lórí búrọ́ọ̀ṣì: "Jẹ́ kó jẹun yó. Má febi pa á."

Ó rọra jókòó wàyí.

"A lè yí i díẹ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Olódòdó ò ní mọ̀."

"Bí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ta lolè?"

Àwọn kan á ní ohun tí ẹ̀rọ bá yà kò ní olóhun. Kí wọ́n lọ tún un rò. Ìyá Oníbọ́ọ̀dù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì; ó gba fóònù tí ọmọ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà náà sí, ó wé gèlè, ó jáde.

Kò-kánjú ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́ nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì yíjú. "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, bíi pé àná ló rí i kẹ́yìn.

Ìyá Oníbọ́ọ̀dù na fóònù sí i. Kò-kánjú fi kẹrosíìnì nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ rẹ ló lò, a ò sì gbàṣẹ. Tó o bá ní kí n má tẹ̀ ẹ́, mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Ìyá Oníbọ́ọ̀dù ti rò pé á ní kò burú.

"Ìrì orí ewé yìí," ni Kò-kánjú ń bá a lọ, "ta ló fẹ́ rí i láti òdìkejì títì? Fóònù ló dára fún. Èmi àtẹ̀yin la máa kọ ọ́, ká dín òdòdó rẹ̀ kù."

"Èmi? Ọwọ́ mi ti le."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gòkè? Àkàbà wo ló fẹ́ gbé yín?"

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ó gbá a lẹ́yìn kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo pè ẹ́ ní olè."

"Mo gbọ́. Etí mi ò di."

"Kí ló dé tó ò fèsì nígbà yẹn?"

Kò-kánjú dé agolo ọ̀dà rẹ̀. "Èsì wo? Mo rò pé òótọ́ ni. Ẹ̀yìn yín ni mo máa ń dúró sí nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti kọ D kan, ojú á tì mí."

Irú ìyàlẹ́nu yìí, ẹ̀rọ kankan kò lè ṣe é fún Ìyá Oníbọ́ọ̀dù.

"Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Èmi náà ò dá nǹkan kan sílẹ̀. Bàbá ló nà án sí wa lára."

Kò-kánjú wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fa àkàbà jáde. "Ẹ bá mi gbé ìdí ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe gba títì lọ sọ́dọ̀ olódòdó nìyẹn, àbúrò níwájú, ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn, àkàbà láàárín. Onígbàjámọ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà, abẹ lọ́wọ́, ó gbàgbé oníbàárà tó ti fi ọṣẹ kùn lójú.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí ojú mi rí yìí?" ló ń bi àwọn tó wà nítòsí.

"Gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ," ni Ìyá Oníbọ́ọ̀dù jágbe mọ́ ọn. "Wàá gé èèyàn létí!"