Séfẹ́rínà Ayaba Róòmù àti Ìyá Òkè l'Ésìẹ́

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti dé gáréèjì n'Ílọrin, tí mo gbé páálí ìwé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Igba ẹ̀dà ìwé ìtàn ilé wa ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi tíṣà àgbà tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn Róòmù. Lọ́jọ́ kejì ni ilé wa l'Ésìẹ́ yóò fi baálé tuntun jẹ, wọn ó sì pín ìwé náà níbẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni ọkọ̀ dé Òrò. A ò tíì kọjá Gánmọ̀ tí mo ti ń yọ dẹ́rẹ́bà lẹ́nu.

"Ayaba Róòmù kan wà, Séfẹ́rínà. Wọ́n pa ọkọ rẹ̀. Àwọn kan gbà pé òun ló di ìjọba mú títí àwọn ọkùnrin fi rí ọba yàn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe owó àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, bóyá la ì bá mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kọ ìtàn fò ó dá. Ẹ ò rí ìkà!"

"Ìkà ni wọ́n o, bàbá," ni dẹ́rẹ́bà wí. Ó yẹ kòtò kan, ó já sí òmíràn.

Ní Òrò mo ra ọsàn, mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà bèèrè bóyá ère òkúta ni mo fẹ́ lọ wò, mo ní rárá o, èèyàn ni.

Ìyá Òkè, opó baálé wa tó kú, gún iyán dè mí. "Ọkọ mi" ni wọ́n ń pè mí, bí ìyàwó ilé ti ń pe gbogbo ọmọ ilé. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí. Mo kà á tayọ̀tayọ̀ títí mo fi dé ibi tí mo kọ pé: "Lẹ́yìn ikú baálé, ipò náà ṣófo fún ọdún mẹ́ta."

"Ó ṣófo?" Wọ́n gbé òkèlè sílẹ̀. "Ta ló parí ìjà ilẹ̀ etídò? Ta ló ń se oúnjẹ tí ẹ̀yin ọkùnrin ń jẹ kí ẹ tó máa bá ìjà oyè yín lọ?"

Ojú tì mí, kí n má purọ́. Èmi alára, láàrin ọdún mẹ́ta yẹn, iwájú wọn ni mo mú àna mi wá, bí ẹni mú un wá síwájú baálé.

"Ẹ má bínú, màmá. N ó kọ orúkọ yín sí i." Mo yọ báírò, báírò dúró sókè. Mi ò mọ orúkọ wọn! Mo ránṣẹ́ bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí yóò dárúkọ ìyàwó baálé?

Ìyá Òkè rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Sàfúrátù Àbẹ̀bí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ẹnu kankan ò pè é mọ́."

Mo fọwọ́ kọ ọ́ sínú igba ìwé. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ibí yìí ni mo wà?"

Lọ́jọ́ kejì, baálé tuntun ṣí ìwé, ó bèèrè láàrin èrò pé ta ló ń jẹ́ Sàfúrátù. Ìyá Òkè na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

Mo délé n'Ílọrin lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, jáde wá gba àpò lọ́wọ́ mi. Mo wò ó, mo pe orúkọ rẹ̀ tí mi ò pè mọ́ láti ọjọ́ tó ti bímọ: "Ráfátù."

Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ta ló kú?"